Ṣé ó tọ́ kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ gba oyè másítà nínú ìkọ̀wé àtinúdá?

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀
Ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 33 ni mí. Ó ti pé ọdún méje tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá ní ìlú Ìwó. Ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń kọ ìtàn àròsọ ní èdè méjèèjì. Ìtàn kúkúrú mi mẹ́rin ti jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà, mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Yorùbá. Mo tún ní ìtàn gígùn kan tí mo ti kọ dé ojú ìwé 150 kí ó tó dúró mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí mo ṣe lè gbé wọn débẹ̀ kí ìtàn náà má tú mọ́ mi lórí.

Ìwé yìí ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kò sì sí ẹnì kan ní àyíká mi tí mo lè gbé e fún kí ó kà á tán, kí ó sì fi ìka tọ́ ibi tí ó ti wọ́ hàn mí. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn mi ń sọ pé ó dára, àwọn tí kì í kàwé sì ń bi mí pé èló ni wọn yóò san fún mi lórí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé àwọn yunifásítì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gba òǹkọ̀wé wọlé fún oyè tí wọ́n ń pè ní MFA, ìyẹn oyè másítà nínú iṣẹ́ ọnà, tí wọn kò gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n tún ń san owó oṣù fún un, mo rò pé àwọn oníjìbìtì ló bá pàdé.

Mo ní ìyàwó àti ọmọ méjì, èyí tó kéré nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, n kò sì lè fi wọ́n ṣeré. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ yìí ń ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́ ní tòótọ́, àti ọ̀nà tí a ń gbà wọlé síbẹ̀. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù lọ ni pé bí mo bá lọ jókòó láàárín àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ṣé èdè tí mo fi ń lá àlá yóò ṣì wà lẹ́nu kálàmù mi nígbà tí mo bá padà dé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí i ni kí ó dá mi lóhùn.


Ọmọ Èkìtì
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024

Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́. Mo parí ẹ̀kọ́ MFA nínú ìtàn àròsọ ní yunifásítì ìjọba kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ní ọdún 2021, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rẹ́ yín kò tàn yín jẹ. Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà: láti ọdún 1922 ni Yunifásítì Iowa ti gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ewì tàbí ìtàn tí ó kọ fúnra rẹ̀ gba oyè gíga, dípò iṣẹ́ ìwádìí lórí ìwé ẹlòmíràn, ọdún 1936 ni wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé wọn. Lónìí, MFA ni wọ́n ń kà sí oyè tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ ọnà yìí ní Amẹ́ríkà, débi pé ẹni tó bá ní i, tí ó sì ní ìwé tí a ti tẹ̀ jáde, lè di olùkọ́ ní yunifásítì láìjẹ́ pé ó gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mú owó ilé ẹ̀kọ́ kúrò, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ olùkọ́ san owó oṣù fún akẹ́kọ̀ọ́: ẹ ó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì ní bí a ṣe ń kọ àròkọ. Olùkọ́ ni yín tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Àwọn kan wà tí wọn kò tilẹ̀ ní kí ẹ kọ́ ẹnikẹ́ni, bíi Michener Center ní Yunifásítì Texas ní Austin, tí ó ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ó lè kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà há. Nǹkan bí ènìyàn 12 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ lọ́dún, ní Yunifásítì Cornell ẹni mẹ́jọ péré ni, mẹ́rin fún ìtàn àròsọ, mẹ́rin fún ewì, nígbà tó jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló ń tọrọ àyè. Ọdún méjì ni mo fi tọrọ kí ẹnì kan tó gbà mí. Ní ọdún àkọ́kọ́, ilé ẹ̀kọ́ méje ló kọ̀ mí.

Ohun tó yàtọ̀ ní ọdún kejì ni àpẹẹrẹ iṣẹ́ mi, ohun kan ṣoṣo tó sì ṣe pàtàkì nìyẹn. Ojú ìwé 20 sí 30 ni wọ́n sábà máa ń béèrè fún ìtàn àròsọ, nǹkan bíi mẹ́wàá fún ewì. Àwọn òǹkọ̀wé tó ń kọ́ni níbẹ̀ ló ń kà á, bí kò bá sì mú wọn dání ní ojú ìwé àkọ́kọ́, máàkì yín àti ìwé ẹ̀rí yín kò lè gbà yín là. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo fi ìtàn tí mo rò pé òyìnbó yóò fẹ́ràn ránṣẹ́, ìtàn ogun àti ebi tí èmi fúnra mi kò rí rí. Ní ọdún kejì, mo fi ìtàn ìyá mi àgbà àti ilẹ̀ kòkó tí àwọn ẹbí fà mọ́ ọn lọ́wọ́ ránṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta sì gbà mí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ó kọ lẹ́tà nípa ara yín àti iṣẹ́ yín, ẹni mẹ́ta yóò kọ̀wé jẹ́rìí yín, ẹ ó sì béèrè fún transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì yín, láti yunifásítì yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí tó gbẹ̀yìn yìí lọ́la. Oṣù márùn-ún ni tèmi gbà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tí mo ti lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù kí gbèdéke pé. Àárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá àti àárín oṣù Kìn-ín-ní ni ọ̀pọ̀ gbèdéke máa ń bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ kò béèrè GRE mọ́, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọlé fún oyè gíga ní Amẹ́ríkà. Ní ti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò yọ̀ǹda yín, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí owó ìforúkọsílẹ̀ jì yín, ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe é fún ẹni tó bá béèrè. Bí wọ́n bá gbà yín, owó SEVIS, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá, jẹ́ dọ́là 350 ní ọdún 2024 yìí, ti físà jẹ́ dọ́là 185, èyí tó lé ní 850,000 náírà bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,600. Ẹ kò ní rí ẹni tí yóò san ìyẹn fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ kankan kán yín lójú: ọ̀pọ̀ yunifásítì ti fohùn ṣọ̀kan pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fi owó lọ̀ ní àyè títí di ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin láti dá wọn lóhùn.

Ẹ wá béèrè bóyá ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan.

Ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù, ènìyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá máa ń jókòó yí tábìlì ká. Gbogbo wọn ti ka iṣẹ́ yín láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọn yóò sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ kò sì gbọ́dọ̀ lanu. Àṣà ọ̀pọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Mo gbé ìtàn kan lọ tí ìyàwó ilé kan ti gbé ọmọ tuntun dé láti ilé ìwòsàn, tí ìyá ọkọ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì sọ fún un pé, “O káàbọ̀.” Kò fi nǹkan kan kún un. Ìyàwó náà wọlé, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ̀ pé ìjà ti dé. Obìnrin tó ti ọ̀dọ̀ ikú bọ̀, tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò kí i pé “o kú ewu,” kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un bí òun ti jẹ́ nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni mẹ́rin sọ pé ìkíni ti pọ̀ jù nínú ìtàn náà, kí n gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Obìnrin kan tó wá láti Texas ló béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Kí ló ń pa á lẹ́kún?”

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú, mo sì gé àwọn ìkíni náà bí wọ́n ti sọ. Ìtàn náà kú. Odindi oṣù kan ni mo fi pa á tì. Ìbéèrè obìnrin yẹn ló gbé mi padà sídìí rẹ̀, nítorí ó yé mi pé kò ní kí n ṣàlàyé àṣà Yorùbá fún òun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí n gé e. Ohun tí ó kù ni pé kí n jẹ́ kí ìyàwó náà ti máa retí ìkíni ọ̀hún. Mo dá àwọn ìkíni padà, mo sì fi ojú ìwé kan ṣáájú wọn: nọ́ọ̀sì kí i pé ó kú ewu, awakọ̀ takisí kí i, ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà kí i, ó sì ń ka gbogbo wọn lọ́kàn, ó ń dúró de ti ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ó wá dé ẹnu ọ̀nà tí ó gbọ́ “O káàbọ̀,” kò sí ará Texas tí kò ní mọ̀ pé ọ̀bẹ ni. Mo wá ka ìtàn náà fún ìyá mi lórí fóònù ní Yorùbá, òun náà sì sọ pé èyí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rí gbà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni mẹ́rin gbà mí ní ìmọ̀ràn tó burú, ẹnì kan béèrè ìbéèrè tó tọ́, ọdún mẹ́ta ni mo sì fi kọ́ bí a ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.


Àbẹ̀kẹ́
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024

Arákùnrin, ẹ gba ìmọ̀ràn mi lórí owó, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tèmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù tó kọjá ni, orí ṣì ń fọ́ mi. Ètò ti ibí yàtọ̀. Másítà (MA) ọdún kan ṣoṣo ni. Yunifásítì East Anglia ní Norwich ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1970, Kazuo Ishiguro tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017 sì wà lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tiwa náà lọ síbẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ àti másítà ní Ifẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà dára, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní ibi tí tèmi ti wáyé, èmi fúnra mi ni mo san owó ilé ẹ̀kọ́, owó náà lé ní 19,000 pọ́n-ùn, ọ̀nà méjì ni mo sì pín in sí láti san án. Nígbà tí mo san ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkàn mi balẹ̀. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, iye náírà tí a fi ń ra pọ́n-ùn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, mo sì ta ilẹ̀ tí bàbá mi fún mi ní Ìkòròdú kí n tó lè san ìyókù. Owó físà tó jẹ́ 490 pọ́n-ùn ní ọdún 2024 yìí àti owó ìtọ́jú ìlera tó ti di 776 pọ́n-ùn lọ́dún wà lẹ́yìn ìyẹn.

Èyí tó kàn yín gan-an ni ti ẹbí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó bá wá fún irú másítà yìí kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ wá mọ́. Ní Amẹ́ríkà, bí òfin ti rí ní ọdún 2024 yìí, wọ́n lè bá yín lọ, ṣùgbọ́n físà tí wọn yóò fún ìyàwó yín kò ní jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì máa jẹ. Ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ ṣírò rẹ̀ sórí bébà kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan. Bí wọn kò bá fún yín lówó, ẹ má lọ. Mo fẹ́ràn ìwé tí mo kọ níbí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó ta ilẹ̀ nítorí ìtàn àròsọ.


Àgbà Akọ́mọlédè
Ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ní yunifásítì, mo sì dúpẹ́ pé o béèrè nípa èdè, nítorí pé àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ pé kíkọ́ni ní ọnà ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni gbé wọ ilẹ̀ yìí. Ọmọ tí a bí sí ìdílé òjẹ̀ kò ṣàdédé mọ ẹ̀sà í pè. Ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ ròde, ó ń gbe orin, títí etí rẹ̀ yóò fi là. Ọmọ awo ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó lè dá ẹsẹ Ifá kì láàárín àwọn àgbà. Ti ìjálá ló sì jọ wọ́kíṣọ́ọ̀pù tí Ọmọ Èkìtì ń sọ jù lọ: níbi tí àwọn ọdẹ bá péjọ, bí ẹni tó ń sun ìjálá bá ṣi oríkì kì, ọdẹ mìíràn yóò dá a lẹ́nu dúró níbẹ̀ gan-an, yóò ní irọ́ ló pa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà, ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n já nírọ́ lè fèsì. Ó lè sọ ẹni tó kọ́ ọ, ó lè fi ìjálá mìíràn gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ yóò sì dájọ́. Ó dùn mí láti gbọ́ pé wọ́n ní kí òǹkọ̀wé di ẹnu rẹ̀ pa. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ọmọ Èkìtì yìí sọ ohun tí “o kú ewu” jẹ́, bóyá kì bá tí fi oṣù kan pa ìtàn rẹ̀ tì.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ tiwa, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ọ. Bí o bá lọ sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ fún másítà nínú ìmọ̀ Yorùbá, ìwádìí ni wọn yóò kọ́ ọ: tíọ́rì lítíréṣọ̀, ìmọ̀ ìṣọwọ́lò-èdè, àtúpalẹ̀ iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé. Ohun tó níye lórí ni, ṣùgbọ́n ìtàn tí ìwọ fúnra rẹ ń kọ kọ́ ni wọn yóò gbé sórí tábìlì. Àwọn tí a ń kà lónìí kò ríbi lọ kọ́ ọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Fágúnwà kọ́ ní St Andrew’s, Ọ̀yọ́, kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1938. Èdè Faransé ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ń kọ́ ní Ìbàdàn nígbà tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Wọ́n kọ̀wé wọn láìsí ilé ẹ̀kọ́ òǹkọ̀wé, a sì ti ń fi èyí ṣe àwáwí pé a kò nílò rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Yunifásítì Rhodes ní Gúúsù Áfíríkà, akẹ́kọ̀ọ́ másítà nínú ìkọ̀wé àtinúdá lè fi èdè Xhosa kọ ìwé tí yóò fi gboyè. Ní Yunifásítì Texas ní El Paso, èdè Spáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe MFA pọ̀. Yorùbá ní òǹkọ̀wé, ó ní òǹkàwé, ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, síbẹ̀ n kò rí yunifásítì kan tí mo lè ní kí o gbé ojú ìwé 150 rẹ lọ. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ì bá ti dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, a kò sì ṣe é. Ó ń dùn mí gan-an.

Ohun méjì wà tí o lè ṣe láìkúrò nídìí Yorùbá. Lọ wo Ebedi ní Ìsẹ́yìn, ilé tí Dókítà Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé ní ọdún 2010, tí wọ́n ń gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kọ̀wé. Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí ọ. Èkejì ni ètò FLTA ti Fulbright, ètò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn olùkọ́ èdè, tí ó ń gbé ọ̀dọ́ olùkọ́ láti ilẹ̀ wa lọ fi oṣù mẹ́sàn-án kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà ní Yorùbá. Kì í ṣe oyè, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wàá máa fi jẹun, o ó sì fi ojú ara rẹ rí ilẹ̀ náà kí o tó ṣe ìpinnu ọdún mẹ́ta.


Olùkọ́ Lítíréṣọ̀
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀. Èmi àti ìyàwó mi jókòó lálẹ́ àná pẹ̀lú bébà bí ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́ ti wí. Ó gbà pé kí n tọrọ àyè ní ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún tí wọ́n ń san owó, ní Amẹ́ríkà nìkan, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, kí n má tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà. Mo ti fọwọ́ sí i. Bàbá, mo ti kọ̀wé sí Ìsẹ́yìn fún ìsinmi gígùn ọdún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìtàn tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ mi ni èyí tí mo kọ ní Yorùbá. Ṣé mo lè túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi kí n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ iṣẹ́, àbí kí n kọ òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì?


Ọmọ Èkìtì
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024

Ẹ túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni, kò sì sí ohun tó burú bí ẹ bá sọ nínú lẹ́tà yín pé Yorùbá lẹ kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Ìyẹn gan-an lè jẹ́ kí wọ́n rántí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ti Yorùbá dé, kí ẹ sọ ìtàn náà sókè ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń sọ ọ́ fún àlejò tó gbọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó kọ ọ́. Ibi tó bá ti ń tìkọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ má sáré gé e.

Ẹ fi ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi ní èdè méjèèjì kí oṣù yìí tó parí. Màá kà á, màá sì pè yín lórí fóònù, ẹ̀yin náà yóò sì ní àyè láti fèsì.